Bí Mo Ṣe Kọ́ Fóònù Òkè Òkun Lédè Ṣakí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń yí iṣẹ́ wò bí ẹni ń yan iṣu lórí àtẹ, tí ẹ ń tẹ ìdí rẹ̀ bóyá ó ti ń rà, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ ní kí n sọ ohun tí mo fi ayé mi ṣe. Fóònù tó bá ti ìlú òyìnbó dé, tó kọ̀ láti bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá ní Ṣakí. Mo ṣe é títí irun mi fi funfun. Èmi ń pè é ní iṣẹ́. Gbogbo ará Òkè-Ògùn tí mo mọ̀ ń pè é ní iṣẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pè é bẹ́ẹ̀, ẹni náà sì ni bàbá tó bí mi.

Bí wọ́n bá bi í lọ́nà oko pé, "Bàbá Ràfíù, Ràfíù ńkọ́?" ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà: "Ó wà. Ó ń wá iṣẹ́."

Mo gbéyàwó, ó ní mò ń wá iṣẹ́. Mo bímọ, mo kọ́lé, àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ gbòmìnira lábẹ́ mi, ó ní mò ń wá iṣẹ́. Ẹ kò lè bá a wí púpọ̀. Iṣu ló gbìn, iṣu ló tà, títí ó fi rán mi lọ sí yunifásítì, ohun tó sì wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé n ó padà wálé pẹ̀lú táì lọ́rùn, tábìlì níwájú, àti mẹ́séńjà lẹ́nu ọ̀nà. Filọ́sọ́fì ni mo kà. Bí mo bá sọ ọ́ fún ará Ṣakí, wọ́n á rò pé ìmọ̀ ìṣègùn ni, wọ́n á ní, "Ẹ kú orí ire o. Ilé ìwòsàn wo ni wọ́n gbé yín sí?" Mo mọ gbogbo ohun tí àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ rò nípa ayé. Ayé ni kò ro nǹkan kan nípa mi.

Bí mo ṣe bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ náà kò gùn. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Òkè-Ògùn nígbà náà. Ọ̀gá Músílíù, tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ọjà Sàngó, ń wá ẹni tó lè ka Gẹ̀ẹ́sì ojú fóònù fún un, èmi náà sì ń wá ẹni tó máa fún mi ní nǹkan kà. Nípa owó, a jẹ, a kò sùn lébi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ọ̀gá Músílíù ga, ó gbẹ, kì í sì í rẹ́rìn-ín níwájú oníbàárà. "Bíéè" ló ń pè mí nítorí ìwé ẹ̀rí B.A. mi, bí ó ṣe di orúkọ mi lọ́jà nìyẹn. Ọjọ́ tí mo dé, ó bi mí pé kí ni mo kà. Mo ní ìmọ̀ nípa ìrònú ni.

"Ìrònú?" ó ní. "Ta ni kì í ronú? Ewúrẹ́ ìyá mi ń ronú. Jókòó síbẹ̀ yẹn, máa ronú, má fọwọ́ kan nǹkan."

Mo jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ọ̀gá bá tú fóònù, tèmi ni kí n to àwọn nọ́ọ̀tì kéékèèké inú rẹ̀ sórí awo funfun bí wọ́n ṣe wà lára fóònù gan-an: tòkè lókè, tìsàlẹ̀ nísàlẹ̀. Bí mo bá fẹ́ sín, mo gbọ́dọ̀ jáde síta. Ìgbà kan tí ọyẹ́ mú, n kò tètè dé ẹnu ọ̀nà, mo sín sórí awo, gbogbo nọ́ọ̀tì sì fò dànù. Ó ní kí n kúnlẹ̀ wá wọn. Bí mo ṣe ń rá kiri lábẹ́ tábìlì, ó tẹ orí ba wò mí: "Bíéè, kí ni àwọn ará Gíríìsì wí nípa èyí?"

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn fóònù tòkunbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ̀lú. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Iléeṣẹ́ tó ń ta fóònù lókè òkun sábà máa ń so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀, bí ẹni so àgbò mọ́ igi. Ẹni tó rà á kì í mọ̀, nítorí ìdí igi náà ló ń gbé. Ìgbà tó bá fa àgbò náà dé Ṣakí, tó ki sííìmù tiwa bọ̀ ọ́, ni fóònù á yarí, á ní kí ó mú nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tú okùn wá. Nọ́ńbà yẹn là ń pè ní kóòdù. Nígbà mìíràn wáyà àti kọ̀ǹpútà la fi ń wá a, nígbà mìíràn à ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó so ó gan-an. Ohun tí a kì í ṣe ni kí á máa méfò. Fóònù ní ibi tí sùúrù rẹ̀ mọ. Bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ kọjá ibẹ̀, á ti ara rẹ̀ pa, ẹ̀bẹ̀ kò sì ní wọ̀ ọ́ mọ́.

Òfin kan wà tí ọ̀gá kì í yẹ̀. Kò ní gbà láé pé fóònù ti ṣí títí yóò fi fi í pe Ìyá Ìgànná. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ni, ó ń yan gààrí ní Ìgànná. Oníbàárà á ní, "Ọ̀gá, ó ti mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ gbé e wá." Ọ̀gá á ní, "Mímú kọ́ ni dídúró." Á wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tòun ti fóònù létí, nítorí àna kì í ṣe ẹni tí à ń nàró kí, á sì bẹ̀rẹ̀:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé àlàáfíà lẹ jí? Ara le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú iṣẹ́ gààrí o. Èéfín ò pọ̀ jù? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Bàbá ńkọ́? Àwọn ará ilé ńkọ́? Ewúrẹ́ tó bí ìbejì ńkọ́?"

Ìyá náà á dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì dá tirẹ̀ padà pẹ̀lú èlé. Fóònù tí okùn rẹ̀ kò bá tú dáadáa, ìbéèrè ẹsẹ̀ ló ti máa ń já. Èyí tó bá dé ọ̀dọ̀ ewúrẹ́ láìjá, ọ̀gá á dìde, á gbọn ẹ̀wù rẹ̀, á gbé e fún oníbàárà: "Ẹ máa lọ. Ó ti gbọ́ Yorùbá." Ọmọkùnrin kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé sọ fún un pé "Hẹlóò, hẹlóò" nìkan ti tó láti fi dán fóònù wò. Ọ̀gá wò ó láti òkè délẹ̀. "Hẹlóò kò wúwo," ó ní. "Ta ló ń fi ìyẹ́ adìyẹ dán agbára alábàárù wò?"

Nígbà tí mo gbòmìnira, mo fẹ́ kí bàbá mi fojú ara rẹ̀ rí ohun tí mo kọ́. Mo tú okùn fóònù kékeré kan tó ti Jámánì wá, mo ki sííìmù bọ̀ ọ́, mo gbé e fún un. Mo rò pé tó bá ti pè mí láti oko, tí mo dáhùn, ọ̀rọ̀ tán. N kò rántí ibi tí oko wà. Ọ̀nà Òkèrété ni, níbi tí Nàìjíríà ti ń tán lọ tí ilẹ̀ Kútọnu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í bẹ̀rù kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí bàbá ṣe ní kí òun pè mí pé kí n mú ọ̀kadà wá kó iṣu, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kútọnu ti gbé fóònù rẹ̀ mì. Obìnrin kan ló dá a lóhùn ní Faransé. Bàbá mi, ẹni tí wọ́n kọ́ nílé, kí i. Obìnrin náà tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Bàbá tún kí i, ó béèrè ilé àti ọkọ. Obìnrin náà kò yí ohùn padà. Ibẹ̀ ni bàbá ti bínú.

Ó gbé iṣu lórí wálé fúnra rẹ̀, ó sì sọ fóònù náà sórí ẹní níwájú mi.

"Ràfíù, ta ni obìnrin tó wà nínú oko mi?"

"Bàbá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kútọnu ló gbé yín. Fóònù yín rò pé ẹ ti rìnrìn àjò lọ sílùú òkèèrè ni."

"Èmi? Ìdí ebè ni mo wà!"

"Fóònù ò mọ ebè, Bàbá."

Ìyá mi, tó ń ṣa ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gbójú sókè. "Bàbá Ràfíù, ohùn obìnrin náà ńkọ́? Ó dùn?"

Bàbá yí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ló kọjú sí. "Ohun tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín oko mi àti ìlú òkèèrè, òun lo fi odidi yunifásítì kọ́? Lọ wá iṣẹ́, ọmọ mi." Láti ọjọ́ náà kò fọwọ́ kan fóònù mọ́. Bí tèmi bá dún níwájú rẹ̀, á dìde, á ní kí n kí obìnrin yẹn.

Ọ̀gá dàgbà, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi, ó padà sí Ìgànná. Àsìkò yẹn ni àgbákò mi dé, kóòtù ló sì wọ̀ dé.

Dókítà Kọ́lá ni orúkọ tó ń jẹ́. Amẹ́ríkà ló ti bọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ àìsàn tó wò sàn rí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é ní Ọ̀gbẹ́ni, kò ní gbọ́. Ó ń wọ kóòtù nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń pe omi ní "wọ́rà". Ó gbé fóònù kan lé tábìlì mi bí ẹni gbé ọmọ tuntun kalẹ̀.

"Fóònù àgbáyé ni," ó ní. "Kò síbi tí kì í ti í ṣiṣẹ́ láyé."

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ níbí, sà?"

"Níbí nìkan ni kò ti ṣiṣẹ́."

"Níbí náà wà láyé, sà."

Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Mo ki sííìmù bọ fóònù náà, inú mi sì bàjẹ́. Kò tilẹ̀ béèrè kóòdù mọ́. Ó ti ti ara rẹ̀ pa.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti tẹ nọ́ńbà kankan sí i?"

"Mo gbìyànjú díẹ̀."

"Nọ́ńbà wo, sà?"

"Ọdún tí wọ́n bí mi. Kò gbà. Èyí tó wà nínú ìwé ìjọba. Kò gbà. Nọ́ńbà mọ́tò mi. Mo wá tẹ ọdún tí wọ́n bí ìyàwó mi."

"Ìyàwó tó wà níbí àbí ti Amẹ́ríkà?"

Ó wẹ̀yìn kó tó dáhùn. "Méjèèjì."

Mo ṣàlàyé fún un pé ilẹ̀kùn náà ti tì, kọ́kọ́rọ́ sì ti kán sínú rẹ̀. Ó gbé fóònù, ó jáde láìdágbére. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó dúró lágbàlá mọ́ṣáláṣí, ó ń sọ fún gbogbo jàmáà pé Bíéè ti ba fóònù àgbáyé òun jẹ́. Bàbá mi wà níbẹ̀, ó ń wá bàtà rẹ̀. Gbogbo ojú yí sí i. Kò gbè mí, kò gbe Dókítà. Ó wọ bàtà tán, ó ní: "Ẹ má bínú sí i. Ọmọ náà ṣì ń wá iṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju irọ́ Dókítà lọ. Oníbàárà sì sá. Àwọn tí fóònù wọn wà lọ́wọ́ mi wá kó o, wọ́n ń wò ó síwá sẹ́yìn bóyá mo ti gé e jẹ. Mo gun ọ̀kadà lọ bá Ọ̀gá Músílíù ní Ìgànná, mo ní ṣé kí n lọ fa Dókítà láṣọ ni.

"Má fà á," ọ̀gá ní. "Òkú ló gbé sápò yẹn. Jẹ́ kó máa gbé e kiri. Yóò rùn."

Kò pẹ́ tó fi rùn. Dókítà gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àdúgbò rẹ̀, ohun rere ni, mo yìn ín. Ọjọ́ tó fẹ́ ṣí i, èrò pọ̀, àwọn ìyá gbé korobá wá. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí òkè ti dákẹ́. Kò sí fóònù kan tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Ṣakí. Àwọn ènìyàn ń na fóònù sójú ọ̀run bí ẹni ń tọrọ òjò. Dókítà kò mọ̀, nítorí tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rí. Bí wọ́n ṣe ní kó wá sọ̀rọ̀, ó gbọ́wọ́ sókè, ó fa fóònù yọ, ó gbé e létí.

"Ẹ dákẹ́ ná. Amẹ́ríkà ni. Hẹlóò, Sẹ́nétọ̀!"

Ó ń bá a lọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ní "yẹẹ̀, yẹẹ̀". Ìyá arúgbó kan sọ korobá rẹ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ bá a.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, níbo lo ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá àbúrò mi ní Ìsẹ́yìn. Tó o bá bá Sẹ́nétọ̀ sọ ọ́ tán, bá mi pè é."

"Èmi náà wà lẹ́yìn Ìyá," ẹnì kan ké.

"Dókítà, ẹ bá wa kí Sẹ́nétọ̀ o! Ẹ ní kó rán ẹni wá tún òpó wa ṣe!"

Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ìlà ti gùn níwájú Dókítà ju ti omi lọ. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di irin ẹ̀rọ omi mú kó má bàa ṣubú. Ó dá mi lójú pé ìṣòro tán. Nígbà tí a délé, mo ní, "Bàbá, ẹ rí i pé èmi kọ́ ni mo bà á jẹ́."

"Mo rí i."

"Ẹ ó wá bá mi sọ fún wọn."

"Pé kí ni? Wọ́n ti mọ̀ pé o kì í ba nǹkan jẹ́. Ohun tí ò ń ṣe gan-an ni wọn ò tíì mọ̀."

Oníbàárà padà wá, iṣẹ́ sì ń yí padà lábẹ́ ọwọ́ mi. Wáyà àti àpótí tí mo kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá di ohun tí eku ń sùn lé. Ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan dé, bébà ló jọ. Ẹ ó fi sábẹ́ sííìmù, á máa parọ́ fún fóònù pé ibi tí wọ́n ti rà á ló ṣì wà. Mo mọ ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti òkè òkun dé tí wọ́n ń lo irú rẹ̀ lábẹ́ ahọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù Amẹ́ríkà mìíràn dé tí kò tilẹ̀ ní ojú ihò tí a ń ki sííìmù bọ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí yí i síwá sẹ́yìn níwájú mi, ó ní, "Bíéè, èyí ò lẹ́nu. Ibo ló ń gbà jẹun?" Sííìmù ti di ohun tí kò lára, tó ń gba inú afẹ́fẹ́ wọlé bí àǹjọ̀nú. Mo kọ́ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ojú mi kò rí nọ́ọ̀tì mọ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, àwọn fóònù tó ń dé láìlókùn sì ń pọ̀ sí i. Mo kéde pé n ó fẹ̀yìn tì.

Ọmọ mi Bọ́lá, nọ́ọ̀sì ni ní Kánádà. Ó bí obìnrin. Bàbá mi, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ní òun fúnra òun ni yóò ki oríkì bọ ọmọ náà létí kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Mo gbé fóònù mi fún un, ó kọ̀. Ó ní òun kò ní yá ohun ọlọ́hun pe ọmọ òun. Bọ́lá wá fi fóònù kan rán ará Ìsẹ́yìn tó ń bọ̀ wálé, ó ní kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ mi, kí wọ́n gbé e fún bàbá àgbà tààrà. Ó fẹ́ kó dùn mọ́ ọn pé tirẹ̀ gan-an ni. Kò mọ̀ pé okùn wà lọ́rùn fóònù náà.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa gan-an ni bàbá wọlé, tọ̀pá tọ̀pá. Kò wọ ibẹ̀ rí. Obìnrin méjì ló wà lórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó tì wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ bọ́ síwájú."

"Jẹ́ kó kàn mí."

Nígbà tó kàn án, ó gbé fóònù náà kalẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Kò gbọ́ tèmi," ó ní. "Mo ń pè é, ó ń béèrè nọ́ńbà. Alájọgbélé mi bá mi tẹ nǹkan díẹ̀ sí i."

Ọ̀rọ̀ "díẹ̀" yẹn mú mi rántí Dókítà. Mo wo ojú fóònù. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Bí mo bá ṣì í tẹ̀, ó tán. Mo fi fóònù mi pe Bọ́lá pé kí ó béèrè kóòdù lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ta fóònù náà. Bàbá ń wo ògiri. Nígbà tí Bọ́lá pè padà, mo ní kó ka nọ́ńbà náà, mo ní kó tún un kà, mo ní kó wá kà á láti ẹ̀yìn.

"Kí lò ń dúró dè?" bàbá ní.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, Bàbá."

"Ta ló mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ ní gbogbo Ṣakí?"

Mo ronú. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi, n kò lè fi ìrẹ̀lẹ̀ purọ́. "Kò sí, sà."

"Tẹ̀ ẹ́ nígbà náà."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú fóònù ṣú. Àwọn obìnrin orí bẹ́ǹṣì dìde dúró. Nígbà tó tún mọ́lẹ̀, orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ló wà lókè rẹ̀. Mo pe nọ́ńbà Bọ́lá, mo gbé e sí bàbá létí.

"Bàbá àgbà! Ẹ kú ọ̀sán sà!" Ohùn Bọ́lá dún débi tí gbogbo wa gbọ́. "Níbo lẹ wà? Ariwo ọjà pọ̀ níbẹ̀."

Bàbá mi wo bẹ́ǹṣì. Ó wo awo nọ́ọ̀tì, ó wo àwọn wáyà lára ògiri, ó wò mí.

"Ibi iṣẹ́ bàbá rẹ ni mo wà," ó ní. "Gbé ọmọ náà sún mọ́ ọn."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: Àṣàkẹ́, ọmọ aláyọ̀, títí ọmọ náà fi bú sẹ́kún ní Kánádà, tí àwọn obìnrin Ṣakí sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún láti orí bẹ́ǹṣì mi.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, ẹ má kánjú. Èmi, ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì gan-an ni mo tó rí tèmi.